Àká Iṣẹ́ Ìmọ̀ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìwádìí àti Ìrántí Àwọn Olùkọ́ Yunifásítì Nípa Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Àká iṣẹ́ ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ibi tí yunifásítì ń kó iṣẹ́ ìwádìí, àpilẹ̀kọ, àwòrán àti ohùn àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pamọ́ sí, kí wọ́n má baà parun, kí ẹni tó bá nílò wọn sì lè rí wọn kà láti ibikíbi tó bá wà. Àlàyé yìí wà fún gbogbo olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkó, pàápàá jù lọ àwọn tó ń gbé ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti àwọn ìlú etí ọ̀sà. Ó sọ ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ nípa agbègbè náà, ọ̀nà tí iṣẹ́ wọn ń gbà wọ inú àká, òfin tó de ìlò rẹ̀, àti bí ará ìlú ṣe lè wá ohun tó fẹ́ tàbí kí ó fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí àká yunifásítì jẹ́

Ilé ìkàwé ń ra ìwé tí àwọn ẹlòmíràn kọ, ó sì ń yá òǹkàwé. Àká yunifásítì yàtọ̀ sí èyí: iṣẹ́ ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú. Lára ohun tí a sábà ń bá níbẹ̀ ni:

- àpilẹ̀kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé àti oyè kejì, àti iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́;
- àròkọ ìwádìí tí àwọn olùkọ́ tẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà;
- ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá tí ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun máa ń ṣe ní gbangba láti ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀;
- ìwé ètò ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ àti àwòrán;
- ohùn àti fídíò àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, níbi tí wọ́n ti ń rántí iṣẹ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ àká bẹ́ẹ̀ káàkiri àgbáyé ló ń lo DSpace, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-ẹ̀kọ́ MIT àti iléeṣẹ́ Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2002, tí ẹnikẹ́ni sì lè lò láìsan owó. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, àti Yunifásítì ìlú Èkó, tí a mọ̀ sí UNILAG, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, wà lára àwọn tó ní àká orí íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ lónìí sí LASUSTECH, yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ni Ìkòròdú ni olú-ibùdó rẹ̀. Ọdún 1977 ni a dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ìsọlọ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó di pólítẹ́kíníìkì, ó sì di yunifásítì ní 2022. Ní ọdún 2022 kan náà ni a dá LASUED, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ yìí, sílẹ̀ láti inú kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ méjì. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Nọ́fọ̀ríjà, Ẹ̀pẹ́, tí a fi orúkọ Michael Otedola, gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1992 sí 1993, sọ. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, náà ní ọgbà ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wà.

Ìyípadà orúkọ àti ìdàpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ohun tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ alábòójútó ìwé. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ogójì ọdún sẹ́yìn kò gbọdọ̀ ṣòfò nítorí pé orúkọ tó wà lára èèpo rẹ̀ ti yí padà. Orúkọ àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí ni a gbọ́dọ̀ kọ sí àpèjúwe rẹ̀ nínú àká, kí ẹni tó bá wá èyíkéyìí nínú méjèèjì lè rí i.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ nípa agbègbè wa

Ìtàn ìlú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, òun àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó sì padà sí Èkó ní 1862. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀pẹ́ fi ní apá méjì títí di òní: Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Onímọ̀ ìtàn G. O. Oguntomisin ti Yunifásítì Ìbàdàn fi ìjọba tí Kòsọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ wé ti Kúrunmí ní Ìjàyè nínú iṣẹ́ ìwádìí kan ní 1979. Ní 1999, ó tẹ ìwé jáde lórí bí Ẹ̀pẹ́ ṣe yí padà láti 1852 sí 1942.

Ìkòròdú náà kò ṣàìní tirẹ̀. Ogun Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà, títí John Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi rán ọmọ-ogun lọ tú wọn ká ní oṣù kẹta ọdún 1865. Ọ̀jọ̀gbọ́n Saburi Biobaku sọ̀rọ̀ nípa àkókò yẹn nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn, tó jáde ní 1957. Ní 1987, àwọn olùkọ́ ìtàn mẹ́ta, Ade Adefuye, Babatunde Agiri àti Jide Osuntokun, ṣe olóòtú ìwé kan lórí ìtàn àwọn ènìyàn Ìpínlẹ̀ Èkó lápapọ̀. Ní 1996, Siyan Oyeweso, tó jẹ́ olùkọ́ ní LASU nígbà náà, kọ ìtàn ìgbésí ayé Olóyè S. L. Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó dá àjọ ìdáàbòbò igbó àti ẹranko ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀.

Ọ̀sà àti ẹja. Ní 1958, J. E. Webb àti M. B. Hill, tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Ìbàdàn ìgbà náà, tẹ ọ̀wọ́ àròkọ jáde lórí Ọ̀sà Èkó: bí omi rẹ̀ ṣe jìn tó, irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá wọlé, tí ó sì ń dín kù nígbà òjò tí àwọn odò bá kún wọ inú rẹ̀, àti irú ohun ẹlẹ́mìí tó ń gbé níbẹ̀. Ní 1976, Kola Kusemiju ti Yunifásítì ìlú Èkó tẹ ìwádìí jáde lórí irú ẹja kan nínú ìdílé ọ̀bọ̀kún nínú ọ̀sà Lẹ́kí, lápá Ẹ̀pẹ́: ibi tí ẹja náà ń gbé, bí ó ṣe ń bímọ àti bí ó ṣe ń dàgbà.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti inú kíláàsì nìkan. Bí apẹja ní Èbúté Ìkòròdú bá ní ẹja kò pọ̀ mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, tàbí bí ará abúlé kan bá ní wíwa yanrìn ti ba ojú omi àwọn jẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdájọ́ yóò bèèrè ni pé: báwo ni ibẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀? Ìwọ̀n tí a mú ní 1958 àti ní àwọn ọdún 1970 ló lè dáhùn. Ìwọ̀n tí a kò lè rí mọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò mú rí.

Níbí ni ọ̀rọ̀ àká ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ará ìlú. Ọ̀wọ́ àròkọ ti 1958 rọrùn láti rí lónìí, nítorí pé ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti jáde, ẹgbẹ́ náà sì ti gbé gbogbo ìwé àtìgbàdégbà rẹ̀ láti 1665 sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn Nàìjíríà náà wà lórí JSTOR. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lórí omi kan náà, tí kò jáde nínú ìwé kankan, tí ẹ̀dà rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré wà, kò sí ẹlòmíràn tí yóò tọ́jú rẹ̀ bí ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kò bá tọ́jú rẹ̀. Òfin Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti 1970 pàṣẹ pé kí òǹtẹ̀wé fi ẹ̀dà mẹ́ta ìwé tó bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a kò tẹ̀ fún títà kì í sábà gba ọ̀nà yẹn.

Ìrántí àwọn olùkọ́

Yàtọ̀ sí ohun tí olùkọ́ kọ, ohun tó rántí náà jẹ́ ìmọ̀. Kenneth Mellanby, ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Ìbàdàn, kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1958. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa, ọmọ ìlú Èkó, kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní 1990. Òun ló ṣáájú ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ títí dé kíláàsì kẹfà. Olùkọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Nọ́fọ̀ríjà lónìí lè jàǹfààní púpọ̀ nínú irú ìrírí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ń kọ ìtàn ara rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ tò yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì, alábòójútó ilé ìkàwé, àwọn tí wọ́n wà ní Ìsọlọ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wá sí Ìkòròdú: ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ní. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìdí nìyẹn tí àká tó pé fi ń gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ìbéèrè tó máa ń mú èso wá kì í ṣe "ẹ sọ ìtàn ìgbésí ayé yín" lásán. Àwọn tó ṣe pàtó ló dára:

- Ta ni àwọn tó wà nínú àwòrán yìí, ọdún wo ni a sì yà á?
- Ibo gan-an lẹ ti bu omi tàbí erùpẹ̀ tí ẹ fi ṣe ìwádìí yín?
- Àwọn àgbà wo ni wọ́n fi ìtàn ìlú hàn yín, níbo sì ni téèpù ohùn wọn wà?
- Kí ló dé tí ẹ fi dá ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀, tàbí tí ẹ fi pa á tì?
- Iṣẹ́ ìwádìí wo lẹ bẹ̀rẹ̀ tí ẹ kò parí, kí ló sì dá a dúró?

Ìbéèrè kẹta wúwo ju àwọn yòókù lọ. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ ìtàn ní Ìbàdàn ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà kún ohun tí ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ. Àwọn àgbà tí wọ́n bi léèrè nígbà náà kò sí mọ́. Bí àkọsílẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà bá wà nínú àpótí nílé olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀rí ìlú kan ló wà nínú àpótí yẹn.

Bí iṣẹ́ ṣe ń wọ inú àká

Ìpele márùn-ún ni ó wà.

1. Ìgbàsílẹ̀. Alábòójútó gba ìwé, téèpù tàbí àwòrán, ó kọ ẹni tó mú un wá, ọjọ́ tó dé, àti àdéhùn tó bá a wá.
2. Yíyàwòrán ìwé. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà. Téèpù àtijọ́ ni wọ́n ń lù nínú ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí kọ̀ǹpútà sì ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Téèpù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú, nítorí pé òun ń bàjẹ́, ẹ̀rọ tí a fi ń lù ú náà sì ń di àwátì.
3. Sísọ àwòrán di ọ̀rọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan máa ń ka àwòrán ojú ìwé, ó sì ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí a lè wá. Ó ń ṣe dáadáa lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ó máa ń kùnà lórí àmì ohùn Yorùbá àti àmì abẹ́ lẹ́tà, nítorí náà ènìyàn tó gbọ́ èdè gbọ́dọ̀ tún un kà.
4. Àpèjúwe. Orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún, ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ìlú tí iṣẹ́ náà dá lé lórí, àti ẹ̀tọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni a ń kọ sí i. Iṣẹ́ tí a kò ṣàpèjúwe dáadáa dà bí ìwé tó bọ́ sẹ́yìn àpótí: ó wà, ṣùgbọ́n a kò lè rí i.
5. Ìtọ́jú. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ gbà lámọ̀ràn ni ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ìlú mìíràn.

Ìdí tí ẹ̀dà ìwé nìkan kò fi tó

Ọ̀rinrin etí ọ̀sà, ikán, òjò tó ń jò láti òrùlé àti iná ni ọ̀tá ìwé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, iná jó Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìgbósẹ̀rẹ̀, Èkó, àwọn ìwé ẹjọ́ sì bá a lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, iná igbó wọ inú Yunifásítì Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, ó sì jó ibi tí àkójọ ìwé nípa ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú ilé ìkàwé Jagger. Èyí tí wọ́n ti gbé sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú nìkan ni a ṣì lè kà nínú ohun tó jóná.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í ṣe àpótí ayérayé. Àká tí owó iná mànàmáná tàbí ti íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò wọlé déédéé yóò pa rẹ́ lójú òǹkàwé, disk sì máa ń bàjẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, a kì í sọ ẹ̀dà ìwé nù nítorí pé a ti yàwòrán rẹ̀.

Òfin àti ẹ̀tọ́

Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo ìwé ní gbogbo ìgbà tí òǹkọ̀wé bá wà láàyè, àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Pé iṣẹ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún kíkà kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ tà. Àká náà gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda òǹkọ̀wé, tàbí ti àwọn àrólé rẹ̀ bí òun kò bá sí mọ́, kí ó tó ṣí iṣẹ́ náà fún gbogbo ayé. Òǹkọ̀wé lè bèèrè pé kí a ti iṣẹ́ òun pa fún ìgbà díẹ̀, bí àpẹẹrẹ títí ìwé tó fẹ́ fi ṣe yóò fi jáde.

Lórí ohùn àti fídíò, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 kàn wá. Ẹni tí a gba ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fẹ́ lò ó fún, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ nípa oyè, ilẹ̀ tàbí ìdílé lè dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìlú. Alábòójútó tó gbọ́n yóò bèèrè lọ́wọ́ àgbà bóyá ó fẹ́ kí a dá apá kan dúró di ọdún tí òun yóò dá.

Bí olùgbé ṣe lè wá iṣẹ́ nípa ìlú rẹ̀

- Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé ilé ìkàwé yunifásítì tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá ibi tí a kọ orúkọ àká rẹ̀ sí. Ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì lè bèèrè lọ́wọ́ alábòójútó nínú ilé ìkàwé náà.
- Ẹ kọ orúkọ ìlú ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, a lè bá Ẹ̀pẹ́ gẹ́gẹ́ bí "Eppe", kí a sì bá Ìkòròdú gẹ́gẹ́ bí "Ikorudu". Ẹ kọ ọ́ láìsí àmì ohùn pẹ̀lú.
- Nínú ìwé Yorùbá tó jáde kí a tó tún àkọtọ́ ṣe ní àwọn ọdún 1970, ẹ wá "aiye" fún "ayé" àti "enia" fún "ènìyàn".
- Ẹ wá orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, kì í ṣe orúkọ ìlú nìkan: ọ̀sà, ẹja, ilẹ̀, ọjà, ilé-ẹ̀kọ́. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ọ̀bọ̀kún ni Chrysichthys. Òun ni yóò mú ìwádìí jáde.
- Bí ẹ bá rí àpèjúwe láìrí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ilé ìkàwé. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀dà ìwé ṣì wà lórí pẹpẹ.

Bí a ṣe lè fi nǹkan sílẹ̀ fún àká

Ìdílé olùkọ́ tó ti dolóògbé sábà máa ń bá ìwé rẹ̀ nínú páálí nígbà tí wọ́n bá ń tún ilé ṣe. Kí ẹ tó sun ún tàbí kí ẹ tó tà á fún alágbàtà ìwé àtijọ́, ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí. Ẹ má ṣe tú u ká. Ẹ jẹ́ kí ìwé tó wà pọ̀ wà pọ̀. Ẹ kọ orúkọ àti ọdún tí ẹ mọ̀ sẹ́yìn àwòrán pẹ̀lú pẹ́ńsù, ẹ má ṣe lo bírò. Ẹ má ṣe lu téèpù tó ti hu funfun. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ilé ìkàwé yunifásítì tó ti ṣiṣẹ́, kí ẹ sì gba ìwé àdéhùn tó sọ bóyá ẹ fún wọn pátápátá ni tàbí ẹ yá wọn kí wọ́n yàwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde náà lè mú ẹ̀dà iṣẹ́ àṣekágbá tirẹ̀ wá, yálà bébà ni tàbí èyí tó wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìwọ̀n omi kànga, iye ẹja tó wọ ọjà ní oṣù kan, tàbí orúkọ àwọn àdúgbò tí ó kọ sílẹ̀ nígbà náà lè jẹ́ àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tó kù nípa ọdún yẹn.